Lẹ́sìnnì ìṣirò kan ní Ìdí-Apẹ́, níbi tí ọmọ mi ti rí i pé 2³ kì í ṣe 6

Láàárín táàmù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 mú ìwé tẹ́ẹ̀sì ìṣirò rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Gbági Tuntun, nílùú Ìbàdàn. 2 nínú 10 ló gbà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé 2³ jẹ́ 6, 5² jẹ́ 10, 10⁴ jẹ́ 40. Mo wo ìwé náà títí, nítorí mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tó dà bíi pé ẹni tó fi báírò pupa fagi lé e kò rí. Ọmọ yìí kò méfò. Òfin kan wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e láti ìbéèrè àkọ́kọ́ dé ìkẹwàá: nọ́ńbà ńlá, lọ́nà nọ́ńbà kékeré tó wà lórí rẹ̀. Kódà méjì tó gbà, òfin yẹn náà ló fi gbà á. 2² ni ọ̀kan, 7¹ ni èkejì. Ẹ ṣe é bí ọmọ mi ṣe ṣe é, ẹ máa rí i pé ó bọ́ sí i.

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ní nọ́ńbà kékeré yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Páwà ni, mà. Méjì páwà mẹ́ta."

"Báwo ló ṣe wá di mẹ́fà?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ ò yé. "Ìlọ́po mẹ́ta ni páwà mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́ta méjì, ṣé kì í ṣe mẹ́fà ni, Mọ́mì?"

Mi ò rí èsì fún un. Aṣọ ni mo ń tà, àǹkárá àti àdìrẹ, ó ti lé ní ọdún 15. Bí oníbàárà bá ní kí n fún òun ní ìlọ́po mẹ́ta iye yáàdì tí òun rà lánàá, tó sì jẹ́ pé yáàdì méjì ló rà, mẹ́fà ni màá gé fún un. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lẹ́nu wa nìyẹn. Yorùbá tí ọmọ náà gbọ́ dáadáa ló kó o sí wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní páwà, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ bá a tú ìlọ́po kúrò lára páwà. Mo ń kọ èyí nítorí mo ti rí ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Lẹ́sìnnì àkọ́kọ́, tí mi ò ní dárúkọ, ₦10,000 ni mo san fún oṣù kan. Orin ni wọ́n fi kọ́ wọn. Méjì páwà mẹ́ta, mẹ́jọ! Mẹ́ta páwà mẹ́ta, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ọmọ mi ti lè kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá bi í ní 4³, èyí tí kò sí nínú orin. Ó ní méjìlá.

Ìyá Ìbejì tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ọ̀kánkán mi ló ní kí n gbìyànjú Ìdí-Apẹ́ wò, pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ òun ń lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ṣọ́ọ̀bù oògùn wà nísàlẹ̀, lẹ́sìnnì wà lókè. Kò sí pátákó orúkọ níta. Yàrá méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan fún pámárì, ọ̀kan fún JSS. Tíṣà ìṣirò jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti parí NCE, Ánkù ni gbogbo ọmọ ń pè é. Ọmọbìnrin kan ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mi ò jókòó sí kíláàsì tirẹ̀ rí, mi ò lè sọ bó ṣe rí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n máa ń gba òbí láàyè láti jókòó sẹ́yìn. Mo jókòó.

Mo ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan nínú báàgì lọ́jọ́ náà, Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí. Mo fẹ́ gbé e lọ fún oníbàárà kan ní Bódìjà lẹ́yìn kíláàsì. Ánkù ti mú ìwé kan dání láti fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwé náà kéré, àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí i. Ó rí etí aṣọ mi tó yọ jáde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè yá wa ní aṣọ yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? A ò ní jẹ́ kó dọ̀tí." Ó ṣe mí bíi kí n kọ̀, torí aṣọ oníbàárà ni. Mo dìde, mo lọ fà á lé wọn lọ́wọ́ fúnra mi.

Ọmọ méjì di etí rẹ̀ mú níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n nà án. Ánkù ní, "Ìpele mélòó nìyí?" Wọ́n ní ọ̀kan. Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kan. "Báyìí ńkọ́?" Méjì. Wọ́n tún ká a. Mẹ́rin. Kí wọ́n tó ká a lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n dúró, kí olúkúlùkù kọ iye tó rò pé yóò jẹ́ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ síta. Mo na ọrùn wo ìwé ọmọ mi láti ẹ̀yìn. 6 ló kọ. Àwọn méjì tó jókòó tì í náà kọ 6. Méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, bó ṣe máa ń dún létí ọmọ nìyẹn.

Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kẹta. Ánkù pe ọmọ mi pé kó wá kà á. Ó fi ìka ìfábẹ̀lá ya etí aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aró díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ nítorí aṣọ náà ṣì tuntun. Ó ka kan, méjì, mẹ́ta, títí ó fi dé mẹ́fà. Ó dúró. Ó rí i pé aṣọ ṣì kù lábẹ́ ìka òun. Ó kà á dé mẹ́jọ. Ó yí aṣọ náà padà, ó tún un kà láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Mẹ́jọ náà ni. Ó wá wẹ̀yìn, ó wò mí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti rí ojú ọmọ yín rí lásìkò tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́ẹ̀kẹrin ó di 16, lẹ́ẹ̀karùn-ún ó di 32, aṣọ náà sì ti nípọn bí ìrọ̀rí, apá wọn ò ká a mọ́. Ìgbà yẹn ni Ánkù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú máákà. Ohun tó kọ sórí pátákó nìyí:

1
1 × 2
1 × 2 × 2
1 × 2 × 2 × 2

Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ó kọ 2³ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ńbà ńlá ló ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà kékeré ló ń ka iye ìgbà tó ṣiṣẹ́." Ó ní kí wọ́n wá 3 lórí ìlà yẹn bóyá wọ́n á rí i. Wọ́n wá a. Èmi náà wá a láti ẹ̀yìn. 1 wà níbẹ̀, 2 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kò sí 3 níbì kankan.

Ó wá mú ọ̀rọ̀ náà wá sí èdè. Ó ní bí a bá sọ pé ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá sọ pé páwà mẹ́ta, mẹ́ta kàn ń kà ni. Nítorí náà, òun kì í pe páwà ní ìlọ́po ní kíláàsì òun, òun kì í sì í gbà kí ọmọ pè é bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ kí a lo ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, mo sì ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní agbára. Èmi náà fẹ́ràn èdè wa. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń kọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, páwà tí kò tíì ní ìtumọ̀ kankan létí rẹ̀ sàn ju ìlọ́po tó ti gbọ́ láti kékeré lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó létí fèrèsé wá nawọ́. Ó ní nótì tí wọ́n kọ fún àwọn nílé ìwé sọ pé 2³ ni kí a sọ méjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n nínú 2 × 2 × 2, àmì lọ́nà méjì péré ni òun rí. Ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kó ku ọ̀kan? Bí ó bá fi ọ̀kan kún un, 16 ni yóò jẹ́. Inú mi dùn sí ọmọ yẹn bíi pé èmi ni mo bí i. Gbólóhùn kan náà ló wà nínú nótì ọmọ tèmi, mo ti kà á, mi ò sì rí ìṣòro kankan nínú rẹ̀. Ánkù ní, "Ìdí tí mo fi fi 1 ṣáájú nìyẹn. Aṣọ ẹyọ kan la ní kí a tó ká nǹkan kan. Láti orí 1 yẹn, ka àmì lọ́nà." Ọmọ náà kà á: mẹ́ta. Ánkù ní tí wọ́n bá fẹ́ yọ 1 kúrò, wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n ṣáà ka iye 2, kí wọ́n má ka àmì. Ó ní kí wọ́n pa gbólóhùn inú nótì yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ pé: 2³, mú 2 mẹ́ta, fi àmì lọ́nà so wọ́n pọ̀.

Wọ́n dá aṣọ mi padà. Ó ti ní ìlà kíká níbi gbogbo, mo sì ní láti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kí n tó gbé e lọ sí Bódìjà.

Lẹ́yìn náà, Ánkù sọ fún wọn nípa Britney Gallivan, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan tó ṣì wà nílé ìwé girama ní California ní 2002 nígbà tó ká ìwé ìnùdí gígùn gbọọrọ kan lẹ́ẹ̀méjìlá, tí àwọn èèyàn sì ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ìwé tó ṣeé ká kọjá ẹ̀ẹ̀meje tàbí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ó ní kí wọ́n wá iye ìpele rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 32 tí a dé: 64, 128, 256, 512, 1,024, 2,048, 4,096. Ó tún ní kí wọ́n kọ ọ́ ní kíkún, 2 × 2 × 2 títí yóò fi pé méjìlá. Ìdajì kíláàsì ló kọ ọ́ ní mọ́kànlá tàbí mẹ́tàlá. Ìgbà tí wọ́n ti ṣì í tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé René Descartes, ará ilẹ̀ Faransé, ló jẹ́ kí ọ̀nà tí a fi ń kọ nọ́ńbà kékeré sókè báyìí tàn kálẹ̀, láti inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1637. Wọ́n ti mọ ìdí tí èèyàn fi máa fẹ́ gé e kúrú kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ẹni tó gé e kúrú. Mo fẹ́ràn bó ṣe tò ó yẹn.

Ní Sátidé kejì, mi ò ní ẹ̀tọ́ láti jókòó mọ́, àmọ́ mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọpọ́n ayò ni Ánkù gbé wá. Ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ó ní, "4 lọ́nà 12 nìyẹn. 4 méjìlá la rò pọ̀." Ó wá kọ 4¹² sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bi wọ́n pé èwo ló pọ̀ jù, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó. Ẹnì kan ní ó lè tó 100. Ẹnì kan ní 500. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, wọ́n ṣe é lórí ìwé láìlo fóònù. 16,777,216 ni. Ọ̀wọ́ kan péré ló gbà á, àwọn ọ̀wọ́ méjì yòókù ṣì í níbi tí wọ́n ti ń gbé nọ́ńbà sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti kọjá mílíọ̀nù, kò sì sí ẹni tó tún pè é ní 48. Iye tó fò sókè tó báyẹn ni ọmọ mi gbé wálé, ó ń sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń pìtàn.

Ọjọ́ yẹn náà ló mú Ifá wọ̀ ọ́, ìyá kan sì fajú ro nígbà tó gbọ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ ọ lódì. Ánkù kò ki ẹsẹ̀ Ifá kankan. Ó ya ọ̀pẹ̀lẹ̀ sórí pátákó: awẹ́ 8, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè, ó sì lè dojú dé, ọ̀nà méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 2 × 2 × 2 × 2, ìyẹn 16, iye Ojú Odù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ 16 × 16, ìyẹn 256, iye gbogbo Odù. Ó wá bi wọ́n: ṣé 2⁸ la máa pè é ni àbí 16²? Wọ́n jiyàn lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó rí i pé nǹkan kan náà ni, pé ó kàn dá lé bóyá awẹ́ lò ń kà tàbí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn baba wa ti ń lo 2⁸ kí ilé ìwé kankan tó dé Ìbàdàn, ó sì yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

Bí ó ṣe kọ́ wọn ní 2³ × 2², mi ò tíì rí i kí ẹlòmíràn kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nílé ìwé, òfin ni wọ́n fún wọn: tí nọ́ńbà ńlá bá jọra, ẹ ro páwà pọ̀. Ọmọ mi máa ń gbàgbé bóyá ríro pọ̀ ni àbí lọ́nà, ó sì máa ń kọ 2⁶, nígbà míì pàápàá 4⁵. Ánkù ní kí wọ́n padà sórí aṣọ. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tún ká a lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ká a? Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. 2⁵ nìyẹn, 32, ẹ̀yin kan náà lẹ kà á ní Sátidé tó kọjá. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ mi bá fẹ́ ṣe irú ìṣirò yẹn, mo máa ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń ká afẹ́fẹ́.

Ó ní ibi tí wọ́n kù sí o. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún wọn kò dára rárá. Ó dà bíi pé orí fóònù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n sì ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ jáde, gbogbo nọ́ńbà kékeré ti wálẹ̀ wá bá nọ́ńbà ńlá. 3² di 32. 5³ di 53. Ọmọ mi jókòó ti ìwé náà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń bi mí pé kí ni kí òun fi 32 ṣe. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ pé ibi tí nọ́ńbà wà ló ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ tún gbé nọ́ńbà náà kúrò níbi tó wà! Mo mú ìwé náà padà lọ, mo sọ ọ́ fún Ánkù tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ó sì tọrọ àforíjì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló tún rí. Báírò ni wọ́n fi kọ àwọn nọ́ńbà kékeré sí i báyìí, lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ₦8,000 tí à ń san lóṣù yẹ kó lè tẹ ìwé gidi.

Ọmọ 23 ni mo kà nínú yàrá náà, fáànù kan ṣoṣo, kò sì sí jẹnẹrétọ̀. Tí iná bá lọ ní ọ̀sán, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Èyí tó ká mi lára jù ni páwà 0. Sátidé kẹta ni Ánkù dé orí rẹ̀, aago méjìlá sì ti fẹ́ẹ́ lù. Ó ní kí wọ́n ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀, pé nọ́ńbà yòówù tí kì í bá ṣe 0, tó bá ti ní páwà 0, 1 ni. Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ rere tó ti ṣe, mo rò ó pé, "Ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọ mi délé pẹ̀lú ojú rírò. Ó ní kò yé òun, pé bí a kò bá ká nǹkan kan, ṣé kì í ṣe pé kò sí nǹkan kan ni?

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń bá mi to àǹkárá tí oníbàárà kan ti tú kalẹ̀ tí kò rà. Mo na ọ̀kan fún un pé kó ká a. Ó gbà á, kò ká a. Ó nà án síwájú ara rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, èyí tí mi ò tíì ká yìí, ìpele mélòó ni?"

Mo ní, "Ọ̀kan kẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ká a?"

"O ò tíì ká a."

Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Ìbejì fi yọjú láti òdìkejì. Ó ní Ánkù ti kọ ọ́ sórí pátákó láti Sátidé àkọ́kọ́, pé ìlà òkè pátápátá, 1 tó dá wà, òun gan-an ni 2⁰, kò kàn kọ páwà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni. Ó mú báírò mi tí mo fi ń kọ gbèsè, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rìsíìtì: 10,000, 1,000, 100, 10, ó wá kọ 10⁴, 10³, 10², 10¹ sábẹ́ wọn, ó ní bó ṣe ń lọ nìyẹn, tí a bá tún fi 10 pín in lẹ́ẹ̀kan sí i, 1 ló kù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ ọ́ fún Ánkù, Ánkù sì pè é síwájú kó wá kọ́ gbogbo kíláàsì. Mi ò sí níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ló sọ fún mi, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sọ fún òun.

Mo fẹ́ fi ọ̀ràn ara mi kún un, nítorí kì í ṣe ọmọ nìkan ló jàǹfààní níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo yá ₦100,000 lọ́wọ́ ẹnì kan láti fi ra ọjà ọdún. Èlé rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100 lóṣù, tí mi ò bá sì san èlé oṣù kan, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ owó, èlé oṣù tó ń bọ̀ á jẹ lórí gbogbo rẹ̀. Mo ṣírò ọ lọ́kàn mi pé ₦10,000 lóṣù, oṣù 12, ₦120,000. Nítorí náà ọdún kan á pé, màá san ₦220,000. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n ní ₦313,842. Mo sunkún. Mo pè wọ́n ní olè. Mo ta fíríìjì mi kí n tó san án tán.

Lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan, mo kó nọ́ńbà yẹn wá bá Ánkù. Ó kọ ọ́ fún mi sẹ́yìn ìwé: oṣù kìn-ín-ní ₦110,000, oṣù kejì ₦121,000, oṣù kẹta ₦133,100. Ó ní kí n wo oṣù kẹta yẹn. Mo wò ó. Tí ó bá jẹ́ bí mo ṣe ṣírò ọ, ₦130,000 ni ìbá jẹ́. "Ẹ̀yin ń ro pọ̀, mà. Wọ́n ń sọ ọ́ di púpọ̀. 1.1 lọ́nà 1.1 lọ́nà 1.1, títí yóò fi pé méjìlá." Ó tẹ 1.1¹² sínú fóònù rẹ̀, ó gbé 3.138428 jáde, ó fi ₦100,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye yẹn gan-an ni. Àṣìṣe tí ọmọ mi ṣe nínú tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, tí mo fi ń bínú, òun ni mo ṣe, èmi tí mo ti dàgbà. Owó èlé yẹn ṣì pọ̀ jù lójú mi, mi ò sì ní yá irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ bó ṣe dé ibi tó dé.

Tẹ́ẹ̀sì tó tẹ̀ lé e nílé ìwé, 9 nínú 10 ló gbà. Èyí tó ṣì ni (−3)², ó kọ −9 dípò 9. Wọn ò tíì dé ibẹ̀ ní lẹ́sìnnì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ₦8,000 lóṣù, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ẹ san án kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Sátidé, aago mẹ́wàá sí méjìlá. Tí ẹ bá ti Ìwó Road ń bọ̀, ẹ tètè kúrò nílé, nítorí ọkọ̀ máa ń há ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, ẹ jẹ́ kó tètè dé kó lè jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, torí máákà wọn kì í hàn dáadáa. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ tó ṣe é. Níbi tí ẹ bá ti rí 32, ẹ bi Ánkù bóyá 3² ni. Mo ti san owó táàmù tó ń bọ̀, mo sì ti gé yáàdì méjì nínú àǹkárá kan tó ní àbàwọ́n díẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n máa fi ṣe aṣọ kíká.